Hàlímàt Fa Igun Pépà Ya

Ọ̀sẹ̀ kejì tí bọ́ọ̀dù tuntun dé ilé-ẹ̀kọ́ wọn ní Ìlobù, àwọn ọmọ JSS kejì ṣì ń jìjàdù àga iwájú. Bọ́ọ̀dù náà dà bíi tẹlifíṣọ̀n ńlá, èèyàn sì ń fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ bíi fóònù. Àǹtí Rhoda, olùkọ́ ìṣirò wọn, ará Ìfọ́n tó ń gun ọ̀kadà wá lójoojúmọ́, ya onígun mẹ́ta kan sí i. Bọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ kọ iye dìgírì igun kọ̀ọ̀kan, ó sì ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ nísàlẹ̀: ọgọ́sàn-án.

“Hàlímàt, wá fà á.”

Hàlímàt, ọmọ ọdún méjìlá tí kì í sábà sọ̀rọ̀ ní kíláàsì, fi ìka kan igun òkè, ó wọ́ ọ lọ sọ́tùn-ún. Igun kan fẹ̀ sí i, òmíràn há. Ọgọ́sàn-án. Ó wọ́ ọ sókè títí ó fi rí ṣóńṣó bí ẹnu ẹ̀gún. Ọgọ́sàn-án. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlà lásán. Ọgọ́sàn-án náà ni. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà,” ó ní, “ṣé bí onígun mẹ́ta ṣe rí nìyẹn, àbí àwọn tó ṣe bọ́ọ̀dù ni wọ́n ní kó máa sọ bẹ́ẹ̀?”

Àǹtí Rhoda yíjú sí Hàlímàt. “Lọ wádìí rẹ̀,” ló sọ. “Má gba bọ́ọ̀dù gbọ́, má sì gba èmi náà gbọ́.”

Nígbà tí Hàlímàt délé, ó lọ bá Jàlálù, bàbá rẹ̀ tó jẹ́ káfíńtà, lẹ́yìnkùlé. Ó ṣa àgékù pákó tó ní igun mẹ́ta, ó gbé wọn lé pépà, ó fi bírò tọ ẹ̀gbẹ́ wọn, ó sì gé pépà náà. Ó wá fa igun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ya, ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lẹ́bàá rúlà, kí ṣóńṣó wọn pàdé lójú kan. Wọ́n tọ́ gbọọrọ bí ìlà: ọgọ́sàn-án dìgírì! Ó dán an wò lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, bákan náà ni. Ìkẹwàá kọ̀: àlàfo tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣẹ́kù.

Ó ké sí bàbá rẹ̀: “Bàbá mi, ẹ wá wò ó! Bọ́ọ̀dù purọ́!”

Jàlálù gbé pákó náà sókè, ó di ojú kan, ó wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. “Kò purọ́. Ayùn mi ló yẹ̀ níbí.”

Hàlímàt fi rúlà lé e. Lóòótọ́, ẹ̀gbẹ́ náà tẹ̀ wọnú díẹ̀. “Áà! Àfi kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tọ́ ni!”

Lọ́jọ́ kejì kò síná, bọ́ọ̀dù dákẹ́. Hàlímàt kúnlẹ̀ kí Àǹtí Rhoda, ó to àwọn pépà rẹ̀ sórí tábìlì, títí kan ìkẹwàá, ó sì ṣàlàyé ohun tí ayùn ṣe. Àǹtí tú wọn ká, ó tún wọn tò fúnra rẹ̀.

“Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti ń kọ́ ọmọ ní nǹkan yìí,” ó ní, “mi ò fa pépà ya rí láti wò ó.” Ó yíjú sí kíláàsì. “Onígun mẹ́rin ńkọ́?”

Ariwo pépà gba gbogbo yàrá. Hàlímàt to igun mẹ́rin yí ojú kan ká. Wọ́n pàdé yípo, kò ku àyè kankan.

“Ó kún!” ló kígbe, ọwọ́ rẹ̀ sì ti ń wá pépà tí yóò gé sí onígun márùn-ún.