Ọdún Márùn-ún Láìdé Ṣọ́ọ̀bù Bàbá Mi

Tàbí kí n kúkú buwọ́ lù ú, kí ara tù mí? Ìlà kan ṣoṣo ló kù. Orúkọ, ọjọ́, ìbuwọ́lù, ó tán. Báírò wọn rèé lọ́wọ́ mi. Mo ti ṣí i, mo ti dé e, mo tún ti ṣí i. Onítáì tó ta ọkọ̀ tuntun yìí fún mi ti lọ mú kọ́kọ́rọ́ wá. "Ẹ fara balẹ̀ kà á, mà. Kò sí kánjúkánjú." Bẹ́ẹ̀ aago ọwọ́ rẹ̀ ló ń wò nígbà tó ń sọ ọ́.

Ètò ìtọ́jú àsansílẹ̀, ọdún márùn-ún. Kí n san gbogbo rẹ̀ lónìí, kí n máa gbé ọkọ̀ wá síbí lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Wọ́n á bá mi pààrọ̀ epo ẹ́ńjìnnì, wọ́n á pààrọ̀ fílítà, wọ́n á yẹ bíréèkì wò, wọ́n á fọ̀ ọ́ kó máa dán. Bí gbogbo nǹkan bá gbówó lórí lọ́dún tó ń bọ̀, kò kàn mí, tèmi ti tán. Ó dáa, àbí? Ó dáa. Ọkọ mi sọ bẹ́ẹ̀ láàárọ̀, ọṣẹ ìfọyín kún ẹnu rẹ̀: "Sáà buwọ́ lù ú, jàre. Ìnáwó téèyàn ti mọ̀ sàn ju èyí tó ń bá ni lójijì." Ọlọ́gbọ́n ni ọkọ mi. Ṣùgbọ́n dígí ló ń wò nígbà tó ń sọ ọ́, kò wò mí. Ó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ.

Ó dáa, àmọ́ táyà kò sí níbẹ̀. Bátìrì kò sí níbẹ̀. Páàdì bíréèkì… níbo ni mo ti rí i… ojú ewé kẹta, nísàlẹ̀ pátápátá, lẹ́tà wẹ́wẹ́ bí èèrà: ohunkóhun tí ìlò bá jẹ, olówó ọkọ̀ ni yóò san án. Ṣé páàdì kì í ṣe ohun tí ìlò ń jẹ ni? Wọ́n á yẹ bíréèkì wò, wọ́n á ní ó ti jẹ, wọ́n á tún ní kí n mówó wá. Kí ni mo wá san àsansílẹ̀ fún? Kí wọ́n lè bá mi wò ó? Ta ló ń gbowó torí pé ó wo nǹkan? Bàbá mi kò gbowó rí láti…

Rárá. Kí n má tíì mú Bàbá wọ inú ọ̀rọ̀ yìí. Ìṣirò ni mò ń ṣe.

Tí mo bá wá ta ọkọ̀ náà lọ́dún kẹta ńkọ́? "Owó yẹn ò ní padà, mà, àmọ́ ẹni tó bá rà á lọ́wọ́ yín á jogún ìtọ́jú tó kù." Jogún! Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ pé mo ti kú. Ìyá kan wà lórí àga ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó ti buwọ́ lu tirẹ̀, ó ń mu omi tútù nínú kọ́ọ̀pù bébà, ara rẹ̀ balẹ̀. Tàbí kò balẹ̀. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run.

Kí ni mo tilẹ̀ ń rò? Ṣé torí owó ni? Tó bá jẹ́ torí owó, mi ò bá ti sọ pé rárá, kí n máa lọ sílé. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ọdún márùn-ún, ìgbà mẹ́wàá. Ìgbà mẹ́wàá tí n kò ní dé ṣọ́ọ̀bù Bàbá. Bàbá ti di ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin. Ká fi márùn-ún kún un…

Kò sí ọkọ̀ mìíràn tó ń wọ ṣọ́ọ̀bù yẹn mọ́ àfi tèmi. Ká sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Àwọn oníbàárà rẹ̀ àtijọ́, àwọn kan ti kú, ọmọ àwọn kan ti ra ọkọ̀ tó ń fẹ́ kí wọ́n fi kọ̀ǹpútà yẹ̀ ẹ́ wò. Síbẹ̀ aago méje àárọ̀ ló ń ṣí ṣọ́ọ̀bù. Á gbálẹ̀. Á to sípánà láti kékeré dé ńlá, á jókòó sórí táyà, á máa kí àwọn tó ń kọjá. Ìyá mi sọ fún mi lórí fóònù lọ́dún tó kọjá, ó ń rẹ́rìn-ín: "Bàbá rẹ ti fọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó ti lọ̀ ọ́. Ó ní ọ̀la lo ń gbé mọ́tò bọ̀." Ó lọ aṣọ iṣẹ́! Aṣọ tí epo dúdú máa tó ta sí.

Á gbé imú sípánà gígùn lé ẹ́ńjìnnì, á gbé ìdí rẹ̀ sí etí, á dijú. "Ó ń húkọ́." Tàbí: "Inú ẹ̀ dùn lónìí, ó ti jẹun yó." Mo ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, mo wọ bàtà gíga, mò ń wo aago, ṣùgbọ́n mo máa ń rẹ́rìn-ín ṣáá ni.

Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò ríran mọ́. Òun ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Kì í ṣe èmi ni mo sọ ọ́. Ẹni tí kò ríran kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọkọ̀ tí mo fi ń gbé ọmọ, ta ló máa dá mi lẹ́bi? Kò sí ẹni tó máa dá mi lẹ́bi. Ó tó oṣù méjì báyìí. Ọ̀nà márosẹ̀ ni mo wà, ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ, wà lẹ́yìn pẹ̀lú báàgì ilé ìwé rẹ̀. Iná pupa kan tàn níwájú mi. Mo rò pé bátìrì ni. Mo ń lọ. Lẹ́yìn náà ni ìró yẹn dé, bí ìgbà tí irin bá ń jẹ òkúta, ẹ́ńjìnnì sì kú láàárín ọ̀nà. Tírélà wà lẹ́yìn wa. Mo rí i nínú dígí, ó ń tóbi sí i, ó ń fọn fèrè… ó yà. Díẹ̀ báyìí ló kù kó gbá wa. Ọmọ mi kò tilẹ̀ sunkún. Ó di báàgì rẹ̀ mú, ó ń wò mí.

Mẹ́káníìkì tó wá wọ́ ọkọ̀ náà dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, ó jáde, ó ń nu ọwọ́. "Nọ́ọ̀tì abẹ́ ẹ́ńjìnnì ti jábọ́, mà. Ibẹ̀ ni gbogbo epo gbà dà nù. Ẹni tó pààrọ̀ epo yìí ò dè é. Ta ni mẹ́káníìkì yín?" Mo sì dáhùn. Mo ní, "Àgbàlagbà kan ni."

Àgbàlagbà kan. Bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n.

Wọ́n wọ́ ọkọ̀ náà dé ṣọ́ọ̀bù Bàbá lọ́jọ́ kejì. Ó wọ abẹ́ rẹ̀ lọ, ó fi ìka kan ihò náà, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ó wò mí. Ó pẹ́ tó ti ń wò mí… kí ló ń dúró dè? Lẹ́yìn náà ló wá ní, "Ojú mi ni. Ojú mi ò ríran mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀." Èmi náà ní, "Kò burú, Bàbá. Ó máa ń ṣẹlẹ̀." Ohùn mi dùn. Inú mi dùn sí ara mi pé n kò bínú. Nígbà tí ọmọ mi wá bi mí lálẹ́ ọjọ́ náà pé, "Mọ́mì, ṣé Bàbá àgbà ló ba mọ́tò wa jẹ́?", mo ní kó má dá wọn lẹ́bi, ojú àgbà ni. Láti ìgbà náà, tí a bá dé ilé wọn, ọmọ náà kì í wọ ṣọ́ọ̀bù mọ́.

Ojú àgbà ni. Àmọ́ kí ni Ìyá wá sọ lọ́sẹ̀ tó kọjá? "Dókítà ojú yẹ̀ ẹ́ wò títí. Ó ní ojú bàbá rẹ dá ṣáká, gíláàsì ìkàwé nìkan ló nílò. Kí ló ń sọ pé òun ò ríran?" Mo ní dókítà lè ṣe àṣìṣe. Mo yára yí ọ̀rọ̀ padà, mo bèèrè ẹ̀yìn tó ń dùn ún. Kí ló dé tí mo yára tó bẹ́ẹ̀?

Onítáì kò tíì dé. Kí n máa wo ibòmíràn. Ògiri dígí ni wọ́n fi pín yàrá yìí àti ibi iṣẹ́ wọn, èèyàn ń wò wọ́n bí ẹni ń wo ẹja. Ilẹ̀ ibẹ̀ mọ́ ju ilẹ̀ kíṣìnnì mi lọ. Wọ́n gbé ọkọ̀ kan sókè, àwọn mẹ́ta ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹnì kan ń da epo. Ẹnì kan ń kọ̀wé. Ẹnì kẹta kò ṣe nǹkan kan, ó kàn dúró. Ó wá bọ́ síwájú nígbà tí àwọn yòókù parí, ó gbé sípánà gígùn lé nọ́ọ̀tì kan, ó yí i díẹ̀, ó fi ṣọ́ọ̀kì yẹ́lò sàmì sí i. Ó tún lọ sí òmíràn. Ó yí i díẹ̀, ó sàmì. Iṣẹ́ tirẹ̀ nìyẹn. Ó ń fún gbogbo rẹ̀ ní ìyípo ìkẹyìn.

Ìyípo ìkẹyìn…

Ọmọ ọdún méje ni mí, ní ṣọ́ọ̀bù Bàbá. Mo wọ singílẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò kékeré, mo dúró lórí àpótí igi. "Ọwọ́ tèmi ò wọ kèrègbè mọ́, Igbákejì mi, bá mi tì tìẹ bọ̀ ọ́." Igbákejì ló ń pè mí. Títí dòní. Á fi ọwọ́ yí nọ́ọ̀tì wọlé, á fi sípánà dè é díẹ̀, á wá sún sẹ́yìn bí ẹni ń yẹ̀ fún ọba. "Igbákejì, ó ku tìẹ." Èmi á fi ọwọ́ méjèèjì di sípánà mú, mà á fi ẹsẹ̀ ti táyà, mà á fà á. Á ní, "Ó parí. Ọkọ̀ lè máa lọ." Ó sọ ọ́ fún àwọn oníbàárà: ọkọ̀ kan ò gbọdọ̀ kúrò níbí tí ọmọ mi ò bá tíì fọwọ́ sí i. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á fún mi ní bisikíìtì. Ọdún mẹ́rìndínlógójì. Mo ti di ọ̀gá níbi iṣẹ́ tèmi, mo ti bímọ, kò yí i padà lórí ọkọ̀ mi. Á sún sẹ́yìn. Ó ku tìẹ.

Ọjọ́ náà… Ọjọ́ náà ó pààrọ̀ epo. Ọmọ ti wà nínú ọkọ̀. Mo ti pẹ́. Fóònù mi dún, láti ibi iṣẹ́ ni, mo sì…

Kí ni wọ́n kó sínú àpótí yẹn? Ẹnu ọ̀nà ibi iṣẹ́ wọn níbẹ̀, àpótí onígi kékeré… fóònù ni. Fóònù gbogbo wọn. Kò sí ẹni tó ń mú fóònù wọ abẹ́ ọkọ̀.

Fóònù mi dún. Bàbá jáde lábẹ́ ọkọ̀, ó sún sẹ́yìn, ó na sípánà sí mi. "Igbákejì, ó ku tìẹ." Mo gbé ìka kan sókè sí i. Ìka kan, báyìí: ẹ dúró ná. Sí bàbá mi! Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé sípánà náà lé orí táyà tí ọwọ́ mi ti lè tó o, ó lọ fọ ọwọ́ lẹ́yìn ilé. Mo parí ọ̀rọ̀ lórí fóònù. Mo wọ ọkọ̀. Mo ṣí i. Mo juwọ́ sí i láti ojú wíńdò, ọṣẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó juwọ́ padà.

Kò yẹ̀ ẹ́ wò. Kí ló máa yẹ̀ wò? Ọdún mẹ́rìndínlógójì, n kò fi í sílẹ̀ láìdè rí.

Ó mọ̀. Nígbà tó fi ìka kan ihò náà, ó ti mọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi wò mí pẹ́. Ó ń dúró kí n sọ ọ́. Nígbà tí n kò sọ ọ́, ó gbé ojú ara rẹ̀ sílẹ̀, ojú tó dá ṣáká, ó ní òun ló jẹ̀bi… èmi sì dárí jì í. Ẹ gbọ́ mi, èmi ni mo dárí jì í! Mo ní kò burú!

Ẹ̀tẹ̀ ni mo fi sílẹ̀ tí mò ń pa làpálàpá. Mo ń wo páàdì, mo ń wo táyà, mo ń ka lẹ́tà wẹ́wẹ́. Bóyá ètò yìí dára, bóyá kò dára, bóyá mo ṣì máa buwọ́ lù ú. Kì í ṣe epo ẹ́ńjìnnì ni mo fẹ́ fowó rà níbí. Ọdún márùn-ún ni mo fẹ́ rà, ọdún márùn-ún tí Bàbá kò ní sún sẹ́yìn kó na sípánà sí mi.

Ọmọ mi ṣì gbà pé Bàbá àgbà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa òun.

Onítáì ló ń bọ̀ yẹn. Mo rí i láti ojú dígí, ó ń mi kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, ó ti ń rẹ́rìn-ín láti òkèèrè. Á bi mí bóyá ó ku ibì kan tí kò yé mi. Báírò ṣì wà lọ́wọ́ mi, ìlà náà ṣì ṣófo.

Kò ku ibì kankan. Ojú Bàbá kọ́. Ọwọ́ mi ni.