Nọ́mbà Kẹtàdínlógún

"Ta ló ni nọ́mbà kẹtàdínlógún?"

Dókítà Ògúnsànyà ju bébà fáàsì sórí tábìlì. Láti ìgbà tí fáàsì náà ti dé láti Jámánì lánàá ni kò ti rẹ́rìn-ín. Simon gbé kálámù sílẹ̀, ó dìde dúró. Àpínkẹ́ ní tirẹ̀ wà nídìí omi, ó ń fọ túùbù tó ti fọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó mọ ẹni tó ni nọ́mbà kẹtàdínlógún. Òun ni.

Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nínú yàrá àyẹ̀wò yẹn, lẹ́yìn ilé ìwòsàn kan ní àdúgbò Jericho, kò ṣòro láti ṣàlàyé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣòro láti ṣe. Dókítà gbà pé oríṣi kan kọ́ ni ìsoríkọ́. Ọ̀kan wà tí kì í jẹ́ kí ènìyàn sùn, tí oúnjẹ á máa korò lẹ́nu rẹ̀. Òmíràn sì wà tó jẹ́ oorun ṣáá, oúnjẹ ṣáá, tí ẹsẹ̀ á wúwo bíi pé wọ́n so òkúta mọ́ ọn. Simon àti Àpínkẹ́ ti fún wọn lórúkọ láàárín ara wọn: àwọn aláìsùn àti àwọn olóorun. Ohun tí Dókítà ń wá ni bóyá àwọn àbùdá tí a jogún lára bàbá àti ìyá wa, bákan náà ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ nínú ara àwọn méjèèjì.

"Ẹ wo iná ilé," ló máa ń wí. "Wáyà wà ní gbogbo yàrá, àmọ́ kì í ṣe gbogbo yàrá ni wọ́n ti tan iná. Yàrá tí iná wà ni mò ń wá."

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ọgbọ̀n aláìsàn. Wọ́n tún gba ti ogún ènìyàn tí kò ní àìsàn náà, tí kò sì sí i nínú ìdílé wọn, kí wọ́n lè fi wéra. Nọ́mbà ni wọ́n lẹ̀ mọ́ túùbù, wọn kò kọ orúkọ. Wọ́n dì í sínú yìnyín, ó di Jámánì fún àyẹ̀wò.

"Láti oókan dé ogún, àwọn tí ara wọn dá ni," ni Dókítà wí. "Kí ló wá dé tí nọ́mbà kẹtàdínlógún fi rí bí ti àwọn olóorun gẹ́lẹ́? Simon, ìwọ lo lẹ nọ́mbà. Túùbù aláìsàn lo kì bọ àárín tàwọn tí ara wọn dá."

"Sà, mi ò ṣàṣìṣe. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo yẹ̀ ẹ́ wò."

"Kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà náà. Kúẹ́rì rẹ wà lọ́dọ̀ akọ̀wé. Kí èsì dé ọwọ́ mi lọ́la. Tí n kò bá rí àlàyé gidi, wọ́n á wá ẹlòmíràn síbí."

Ó jáde. Àpínkẹ́ ṣì ń fọ túùbù.

Lọ́dún tó kọjá tí wọ́n fún un ní fọ́ọ̀mù kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́ tàwọn tí ara wọn dá, ìbéèrè kan wà níbẹ̀: ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni nínú ìdílé yín ti ní àìsàn ọpọlọ tàbí ìsoríkọ́ rí? Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì tó fi kọ "Kò sí." Ẹni tó ní ọmọbìnrin bíi Túnráyọ̀, tí kò tíì lọ ilé ọkọ, ìdáhùn kan ṣoṣo ló ní sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Tí àwọn ará ilé ọkọ bá ń ṣe ìwádìí, ohun tí wọ́n ń bèèrè gan-an nìyẹn: ṣé kò sí wèrè níbẹ̀, ṣé kò sí wárápá? Láti kékeré ló ti gbọ́ tí àwọn ìyá rẹ̀ ń dáhùn pé kò sí. Àpínkẹ́ dá fọ́ọ̀mù lóhùn bí ẹni ń dá àna lóhùn, ó gbàgbé pé ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe àna.

Lọ́sàn-án, Simon kò fọwọ́ kan oúnjẹ rẹ̀.

"Ìyá Túnráyọ̀, ọdún kọkànlá mi rèé níbí. Ọmọ mẹ́rin ni mo ní. Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ṣé mo ṣàṣìṣe?"

"O ò ṣàṣìṣe."

"Ẹ bá mi sọ fún Dókítà, ẹ jọ̀ọ́. Wọ́n máa ń gbọ́ tiyín."

"Màá bá ẹ sọ."

Ó ní òun á sọ, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e dé ẹnu ọ̀nà Dókítà. Ara rẹ̀ kò lélẹ̀. Ó lọ wo fíríìsà, ó padà. Ó nu tábìlì tó mọ́. Ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ibẹ̀ ni Mètrọ́n Moróunkẹ́ ti bá a.

Mètrọ́n ló ń gba orúkọ àwọn aláìsàn níwájú ilé ìwòsàn. Òun náà ni àbúrò bàbá Gbádérọ̀ tó fẹ́ fẹ́ Túnráyọ̀, òun sì ni ìdílé ọkọ fi ìwádìí lé lọ́wọ́.

"Àna mi! Sátidé là ń bọ̀ o. Mo ti sọ fún wọn nílé pé ọkàn mi balẹ̀, ilé tó mọ́ ni. Màmá yín ńkọ́? A óò rí wọn?"

"Wọn ò ní sí nílé, Mà. Wọ́n ń lọ sí Ìsẹ́yìn."

Bó ṣe sọ ọ́ tán ni ojú tì í. Ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o, Àpínkẹ́ sì tún ń pọn itọ́ kún un.

Nígbà tó dé ilé ní Olúyọ̀lé, oòrùn ṣì wà lókè, ìyá rẹ̀ sì wà lórí ibùsùn. Ogún ọdún rèé tí ó ti ń rí báyìí: ó lè dáa fún oṣù mẹ́ta, kí oorun tún gbé e lọ fún méjì. Àwọn ẹbí ní ọ̀lẹ ni. Àpínkẹ́ pàápàá ti sọ bẹ́ẹ̀ rí, tinútinú.

Túnráyọ̀ ń ṣa ìrẹsì ní pálọ̀. "Mọ́mì, mo ti bá Bọ̀dá Olúṣẹ̀yẹ sọ̀rọ̀ bí a ṣe jọ sọ ọ́. Wọ́n á wá gbé Màmá lọ sí Ìsẹ́yìn lọ́la. Tí àwọn ará ilé Gbádérọ̀ bá wá bá wọn lórí oorun lọ́sàn-án gangan, kí la máa sọ?"

Kí Àpínkẹ́ tó fèsì, ohùn jáde láti inú yàrá.

"Túnráyọ̀, ẹ má ṣe wàhálà. Ibi tí ẹ bá gbé mi sí náà ni màá ti sùn."

Túnráyọ̀ sorí kọ́. Àpínkẹ́ bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, ó ń lọ, ó ń bọ̀ láàárín kànga àti okùn ìsáṣọ títí ìrẹsì fi jinná. Inú ń bí i, kò sì sí ẹlòmíràn tí inú ń bí i sí ju ara rẹ̀ lọ.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, kò dúró de Olúṣẹ̀yẹ. Ó wẹ ìyá rẹ̀, ó wọṣọ fún un, ó sì sọ fún Túnráyọ̀ ibi tí àwọn ń lọ.

"Mọ́mì, ọjọ́ kan péré ló kù! Mètrọ́n ló ń jókòó níwájú níbẹ̀!"

"Mo mọ̀."

Epo wọ́n nígboro. Wọ́n pẹ́ ní Challenge kí wọ́n tó rí takisí. Nígbà tí wọ́n dé Jericho, ó fi ìyá rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú, ó sì gba ọ̀dọ̀ Dókítà lọ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó yí ọkàn padà.

"Èmi ni nọ́mbà kẹtàdínlógún, Sà. Simon ò ṣàṣìṣe. Irọ́ ni mo kọ sínú fọ́ọ̀mù. Ìyá mi ní in, ó ti tó ogún ọdún."

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ yóò bá a. Dókítà yọ ìgò ojú rẹ̀.

"Irọ́ rẹ fẹ́ ba iṣẹ́ ọdún mẹ́ta jẹ́. Ó sì fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni ẹlẹ́ni."

"Mo mọ̀, Sà."

"Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́? Nígbà tí a gba ẹ̀jẹ̀ rẹ, báwo ni oorun rẹ ṣe rí?"

Àpínkẹ́ lanu láti sọ pé dáadáa ni. Ó wá rántí òjò ọdún tó kọjá, bí òun ṣe ń sùn láti ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ títí di ọ̀sán Sọ́ńdè, tí òun ń jí jẹ búrẹ́dì odidi kan, tí òun tún ń padà sùn. Ibà ló pè é fún gbogbo ayé. Ó pè é ní ibà fún ara rẹ̀ náà.

"Mò ń sùn gan-an, Sà," ló wí, omi sì dé ojú rẹ̀.

Dókítà tún fi ìgò ojú rẹ̀ sójú. "Ẹ̀jẹ̀ ẹnìkan ò tó ẹ̀rí. Mi ò lè fi tìrẹ nìkan sọ pé ohun báyìí ló ń ṣe ẹ́. Àmọ́ a lè bi ẹ́, kí o sì sọ òótọ́." Ó na ọwọ́ sí tẹlifóònù, ó ní kí akọ̀wé dá kúẹ́rì Simon padà. "Níbo ni ìyá rẹ wà báyìí?"

"Wọ́n wà níwájú, Sà."

Nígbà tí Àpínkẹ́ padà síwájú, Mètrọ́n Moróunkẹ́ ti fi tábìlì rẹ̀ sílẹ̀. Ó jókòó ti ìyá Àpínkẹ́ lórí bẹ́ǹṣì, káàdì aláìsàn wà lórí itan rẹ̀, ó ń kọ ọ́. Ìyá náà ló ń sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ tí Àpínkẹ́ kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí.

"Mo máa ń fẹ́ dìde, ọmọ mi. Màá sọ fún ẹsẹ̀ mi pé ó yá. Kò ní gbọ́. Wọ́n á ní ọ̀lẹ ni mí. Ìwọ lo kọ́kọ́ bi mí bó ṣe ń ṣe mí."

Mètrọ́n kọ ọ́ tán kó tó gbójú sókè.

"Ìsẹ́yìn tí ẹ ní wọ́n ń lọ ńkọ́?"

"Wọn ò lọ, Mà. Irọ́ ni mo pa fún yín."

"Èmi ni wọ́n rán níṣẹ́ ìwádìí, Ìyá Túnráyọ̀. Èmi ni mo sọ pé ilé yín mọ́. N kò mọ ohun tí mo máa wí fún wọn nílé báyìí."

Àpínkẹ́ rántí ojú Túnráyọ̀ bí ó ṣe rí láàárọ̀. Ó mọ̀ pé gbólóhùn kan lè tún ọ̀rọ̀ náà ṣe, gbólóhùn náà sì wà lẹ́nu rẹ̀, nítorí ó ti mọ ọ́n wí láti kékeré.

"Ohun tí ẹ bá rí ni kí ẹ sọ fún wọn, Mà," ló wí. "Tí ẹ bá sì parí ti Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú káàdì kan fún èmi náà."

Mètrọ́n dé kálámù rẹ̀. Ó dìde, ó lọ sídìí tábìlì rẹ̀, ó mú káàdì tuntun, ó sì ṣí kálámù.

"Orúkọ?" ló bèèrè, bíi pé kò mọ̀ ọ́n.

"Àpínkẹ́," ló dáhùn, ó sì jókòó ti ìyá rẹ̀.