Efínrín Inú Báàgì Mi

Ọdún méjìdínlógún ni mo ti wà nílé ọkọ mi, "ìyàwó wa" ni ìyá ọkọ mi ṣì ń pè mí. Ìyàwó àbúrò ọkọ mi, olùkọ́ tí kò tíì lo ọdún mẹ́ta láàárín wa, òun ni wọ́n ń pè ní "ọmọ mi". Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ lásán ni. Aránṣọ ni mí. Mo mọ bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, mo sì mọ bó ṣe ń dunni tó.

Lọ́jọ́ Sátidé, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sí ọgbà ewéko ńlá, níbi tí wọ́n ti ń ta ewéko ìbílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Efínrín wẹ́wẹ́ ni Màmá ń wá, irú èyí tó wà lẹ́yìnkùlé bàbá wọn. Ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n wọ́n ní bí àwọn bá ti gbóòórùn rẹ̀, àwọn á mọ̀ ọ́n. Mo ti pinnu lọ́kàn mi pé èmi ni màá rí i, wọ́n á sì pè mí lọ́mọ.

"Ọmọ mi, wá di apá mi mú," ni Màmá wí bí a ṣe ń wọlé. Kì í ṣe èmi. Èmi gbé báàgì tẹ̀lé wọn lẹ́yìn.

Olùkọ́ yìí kò mọ ewé yàtọ̀ sí koríko, àmọ́ kò sí òǹtajà tí kò bá sọ̀rọ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín, Màmá náà ń rẹ́rìn-ín. Níbi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti so okùn bàtà mi ni mo ti rí i lábẹ́ tábìlì: ike dúdú kékeré kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù, orúkọ efínrín náà wà lára igi pẹlẹbẹ tí wọ́n kì bọ erùpẹ̀ rẹ̀.

Ṣé kò yẹ kí n pariwo ni? Ó yẹ. Ṣùgbọ́n olùkọ́ á sáré dé, á gbé e lé Màmá lọ́wọ́, "ọmọ mi" á sì tún bọ́ sí i lápò. Mo sanwó rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, mo rọ́ ọ sínú báàgì, mo fi ìborùn bò ó. Tó bá dọ̀la, èmi nìkan ni màá gbé e lọ fún wọn.

"Wọ́n ní ó ti tán, Màmá," ni mo wí.

Ojú wọn rẹ̀wẹ̀sì. "Ó dáa náà. Ó di ọdún tó ń bọ̀, bí ẹ̀mí bá wà."

Ó dùn mí, àmọ́ mi ò yí ọ̀rọ̀ mi padà.

Olùkọ́ ló wa ọkọ̀, Màmá jókòó níwájú. Èmi wà lẹ́yìn, mo fi ẹsẹ̀ méjèèjì há báàgì náà pinpin kó má baà dà nù. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á lé e bá. Tèmi kò tilẹ̀ lo ogún ìṣẹ́jú. Màmá gbé imú sókè.

"Ta ló gbé bàbá mi wọnú ọkọ̀ yìí?"

Olùkọ́ wo dígí, ó rí ewé tó yọrí lábẹ́ ìborùn, ó sì rí ojú mi. Mo ń dúró de ìtìjú mi.

"Àǹtí fẹ́ fi yà yín lẹ́nu lọ́la ni, Màmá. Imú yín ló ba nǹkan jẹ́."

Màmá bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n na ọwọ́ sẹ́yìn títí ó fi kan tèmi. "O ṣeun, ọmọ mi."

Mo dá wọn lóhùn. Mo sì ń jowú olùkọ́ náà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí ọ̀rọ̀ tí mo fi ọdún méjìdínlógún wá, ó ní i tó bẹ́ẹ̀ tó fi lè fi ta mí lọ́rẹ.