Kò Burú Lẹ́ẹ̀mẹta

Apá òsì ààrò Àsúmáù ń jó búrẹ́dì, apá ọ̀tún rẹ̀ kò sì fẹ́ yan nǹkan kan. Búrẹ́dì ogójì ló ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Tí wọ́n bá jáde, ogún á dúdú bí ìdí ìkòkò, ogún yòókù á funfun, inú wọn á sì rọ̀ pẹ̀tẹ̀. Obìnrin náà ti ta gbogbo ọgbọ́n tó mọ̀. Ó ń ṣí ilẹ̀kùn ààrò lágbede méjì iṣẹ́, ó ń gbé páànù láti òsì sí ọ̀tún, láti ọ̀tún sí òsì, títí ooru fi jó o lápá. Bó bá jẹ́ ààrò àlòkù ni, èèyàn á ní ọjọ́ ogbó ló dé sí i. Tuntun ni, inú ọ̀rá ló ti jáde.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Àsúmáù fi gbálẹ̀ ọ́fíìsì ọlọ́fíìsì ní Elephant and Castle, nílùú òyìnbó. Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta, orúnkún rẹ̀ ní ó tó gẹ́ẹ́. Ó gba ṣọ́ọ̀bù kan lábẹ́ afárá rélùwéè ní Peckham, ó ní irú búrẹ́dì tí ìyá òun ń yan ní Ìsẹ́yìn lòun náà máa yan. Owó ààrò ńlá tó ń wá kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì fẹ́ yá owó èlé. Ó wá rí ilé-iṣẹ́ kan tó máa ń ra nǹkan fún èèyàn, téèyàn á máa san owó ìlò rẹ̀ lóṣooṣù títí yóò fi di tirẹ̀. Ó gbé ìwé wọn lọ fún ìmáàmù, ìmáàmù kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kò sí èlé níbẹ̀. Lọ́jọ́ tó buwọ́ lùwé, wọ́n fi í jókòó sórí àga tìmùtìmù, wọ́n fún un ní tíì, wọ́n ń pè é ní Mama. Ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n pè é ní Mama mọ.

Oṣù kejì kò tíì pé tí ààrò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. Ààwẹ̀ sì ń bọ̀. Alhaji Yaqub, tó ní ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ ní Rye Lane, ti ní òun máa gba igba búrẹ́dì lójoojúmọ́ fún ìṣínu, láti ọjọ́ kìn-ín-ní ààwẹ̀ títí dé ọjọ́ ọdún. Búrẹ́dì ààwẹ̀ yìí ló máa gbé ṣọ́ọ̀bù náà ró dé ìparí ọdún. Bí kò bá sí i, kọ́kọ́rọ́ á padà sọ́wọ́ onílé, Àsúmáù á sì padà sídìí ìgbálẹ̀.

Ó pe àwọn tó ta ààrò. Wọ́n ní ààrò kì í ṣe tirẹ̀, ilé-iṣẹ́ tó sanwó ló ni ín, àwọn ni kó pè. Ó pe ilé-iṣẹ́ tó sanwó. Wọ́n ní àwọn kò mọ nǹkan kan nípa ààrò, àwọn tó tà á ni kó pè. Ẹ ò rí nǹkan? Nígbà tí wọ́n bá ń gba owó, gbogbo wọn ló ni ààrò. Nígbà tó bàjẹ́, ààrò di ọmọ òrukàn.

Ṣùgbọ́n Àsúmáù kò yé pe ilé-iṣẹ́ tó sanwó náà. Á há fóònù sáàárín etí àti èjìká, á máa po ìyẹ̀fun, orin kan náà á sì máa kọ sí i létí fún ogójì ìṣẹ́jú. Tẹ́nì kan bá wá gbé e, onítọ̀hún á béèrè orúkọ, ọjọ́ ìbí, nọ́ńbà ìwé, á ní kó rọ́ ẹjọ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, bíi pé kò bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́ rí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló dé ọ̀dọ̀ ẹni tó lè kọ ẹjọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ẹni ọ̀tọ̀ ni lẹ́ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta. Gbogbo wọn ló mọ sọ́rì sọ, ẹnu dùn-ún ròfọ́. Wọ́n ní ẹlẹ́rọ á pè é láàárín ọjọ́ méjì, wọ́n á wá béèrè bóyá ìyẹn tẹ́ ẹ lọ́rùn. Inú Àsúmáù á ti máa hó. Á fún ẹnu pọ̀, á mí kanlẹ̀, á ní, "Okay. No problem. Thank you, my dear. God bless you." Ẹlẹ́rọ kankan kò sì pè.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní pẹ̀lẹ́ lákọ, ó lábo. Kò burú náà lákọ, ó sì lábo. Kò burú kan wà tí í ṣe ìdáríjì. Òmíràn wà tó jẹ́ pé ìbínú tó ti kọjá ariwo ni, ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé kì í sì í gbọ́ ọ kó má bẹ̀bẹ̀. Nígbà tí Alhaji Yaqub rí búrẹ́dì dúdú nínú èyí tí Àsúmáù gbé wá lóṣù tó kọjá, kò pariwo. Ó ní, "Kò burú, Ìyá Rahmah," ó sì ń to tòmátì rẹ̀ lọ. Ojú ẹsẹ̀ ni Àsúmáù fi orúnkún tó ń dùn ún kúnlẹ̀ síwájú àpótí tòmátì, ó ń bẹ̀ ẹ́. Ó gbọ́ ohun tí ọkùnrin náà kò sọ.

Ó ku ọjọ́ mẹ́fà kí ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí lẹ́tà dé láti ilé-iṣẹ́ náà. Rahmah, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ló kà á fún un lórí àpò ìyẹ̀fun. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni Rahmah, North Peckham ni wọ́n bí i sí kí wọ́n tó wó àwọn ilé ibẹ̀. Òun náà ń gbé fóònù fún àwọn oníbàárà ilé-iṣẹ́ kan tó ń ta fìríìjì, ó sì mọ èdè irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà náà ní ẹ̀ẹ̀mẹta ni Àsúmáù fẹjọ́ sùn, ẹ̀ẹ̀mẹta làwọn sì ti pa ẹjọ́ náà dé, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ sọ pé ó tẹ́ òun lọ́rùn. Ó ní tó bá di ọjọ́ Jímọ̀, oṣù mẹ́fà tí wọ́n fi lè pààrọ̀ ààrò lọ́fẹ̀ẹ́ á pé. Ọjọ́rú lọjọ́ náà.

"Mummy, ẹ sọ fún wọn pé ẹ satisfied?"

"Ta ni mo sọ bẹ́ẹ̀ fún? Èmi tí inú mi ń gbóná látọjọ́ yìí?"

"So nígbà tí wọ́n bi yín pé is that okay, kí lẹ sọ?"

"Mo ní no problem."

Rahmah gbé ọwọ́ lé orí. "Mummy, no problem means no problem."

"Ní èdè ta ni?"

"Ní èdè wọn. They've got a box on the screen. Tẹ́ ẹ bá ti sọ pé it's fine, wọ́n máa tick ẹ̀, ó ti parí nìyẹn. Nobody's gonna open it again."

"Wọn ò gbọ́ bí mo ṣe sọ ọ́ ni? Wọn ò gbọ́ ohùn mi?"

"Kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ohùn, Mummy. Screen ni wọ́n ń wò."

Ọ̀rọ̀ yìí dun Àsúmáù ju ti ààrò lọ. Ó jókòó, ìyẹ̀fun ń gbẹ sí i lọ́wọ́, ó ń ka iye ìgbà tó ti sọ no problem nílùú yìí. Ó sọ ọ́ fún ọ̀gá tó dín wákàtí iṣẹ́ rẹ̀ kù láìsọ ìdí. Ó sọ ọ́ fún ẹni tí káńsù rán wá wo ògiri ilé rẹ̀ tí ọ̀rinrin mú hu funfun, tó wò ó tó sì bá tirẹ̀ lọ. Ó sọ ọ́ fún dókítà tó ní ọjọ́ orí ló ń da orúnkún rẹ̀ láàmú. Lójú tirẹ̀, gbogbo wọn ló gbọ́ pé òun ń bínú, tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ dijú sí i, ó sì ti fi wọ́n sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Àṣé wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé inú òun dùn. Ojú tì í, bí ẹni tó ti ń sunkún sétí adití láti ọjọ́ tó ti dé ìlú yìí.

"Ẹ jẹ́ kí n pè wọ́n," Rahmah ní. "I'll just be you. Mo mọ date of birth yín."

"Irọ́ nìyẹn. Ẹnu mi ló sọ pé kò burú, ẹnu mi náà ló máa sọ pé ó burú."

Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Rahmah ní kó sọ pé, "I am not satisfied. Do not close it." Àsúmáù sọ ọ́, ó fi please síwájú, ó fi my dear sẹ́yìn. Rahmah yọ please kúrò. Nígbà kejì, please tún wọlé, ó mú sorry dání. Ó ti mọ́ obìnrin yìí lára láti máa fi tìmùtìmù gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀, kí ó má baà dun ẹni tí yóò gbà á.

"Ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n," Àsúmáù ní. "Èyí tí mo bá sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, ọ̀fìnkìn ń ṣe é. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò."

"Mummy, obì kọ́ la ń wá. Oven ni."

Àsúmáù rẹ́rìn-ín láìfẹ́. Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ yẹn, bó ti ń ṣe àlùwàlá, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mẹ́jọ náà ló wà lẹ́nu rẹ̀.

Lọ́jọ́ Alámìísì, ní aago mẹ́wàá àárọ̀, ó pe ilé-iṣẹ́ náà, ó gbé fóònù sórí tábìlì kí Rahmah lè gbọ́. Orin kọ, orin kọ. Lẹ́yìn nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú, ọmọkùnrin kan tó ní Callum lòun ń jẹ́ gbé e, ó pè é ní Mrs Asthma. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Ó gbọ́ ẹjọ́ náà tán, ó ní sọ́rì, ó ní ẹlẹ́rọ á pè é láàárín ọjọ́ méjì. Ó wá béèrè bóyá ìyẹn tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Àsúmáù mọ̀ pé no problem ti wà lórí ahọ́n òun, ó ń ti ẹnu láti jáde. Àánú ọmọkùnrin náà ń ṣe é. Ó wo ogún búrẹ́dì dúdú tó wà níwájú rẹ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

"No," ó ní. Ohùn rẹ̀ kéré. "I am not satisfied. Do not close it."

Callum ní bí òun kò bá pa á dé, ó di dandan kóun mú ìdí kan nínú èyí tí wọ́n tò sílẹ̀ fún òun. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n, kò sì sí èyí tó jọ ọ̀rọ̀ Àsúmáù nínú wọn.

"Write bad," Àsúmáù ní. "The oven is bad. The answer you people are giving me is bad. Since October it is bad. Write it the way I am saying it."

Ọmọkùnrin náà ní kó jọ̀ọ́ dúró. Orin tún bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, mẹ́nẹ́jà kan bọ́ sórí fóònù, ohùn àgbà obìnrin. Wọ́n ń gbọ́ bó ṣe ń tẹ kọ̀ǹpútà. Ó béèrè pé ṣé lóòótọ́ ló sọ fún wọn lẹ́ẹ̀mẹta pé ó tẹ́ òun lọ́rùn.

"Not one day," Àsúmáù ní.

Mẹ́nẹ́jà náà kò jiyàn. Ó ní àwọn á gbé ààrò náà kúrò, àwọn á sì gbé òmíràn wá, ṣùgbọ́n ọjọ́ karùn-ún ààwẹ̀ ni yóò tó dé. Àsúmáù ní kó kọ ọ́ sínú ìwé ránṣẹ́ kí wọ́n tó gbé fóònù sílẹ̀. Ó dúró títí ìwé náà fi wọlé sórí fóònù Rahmah, ọmọ náà sì kà á. Lẹ́yìn náà ló pe Alhaji Yaqub. Alhaji kùn, ó ní òun ti bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ kẹjọ títí dé ọjọ́ ọdún, tirẹ̀ lòun máa gbà. Kò pé bó ṣe yẹ kó pé, ṣùgbọ́n ó máa gbé ṣọ́ọ̀bù náà ró.

"Alhamdulillahi," Àsúmáù ní, ó sì jókòó. Ẹ̀rín ń bọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó wo ọmọ rẹ̀ kí wọ́n jọ yọ̀, ó rí i pé Rahmah kò yọ̀. Ó ń fi èékánná ya etí àpò ìyẹ̀fun.

"Kí ló dé?"

"Nothing, Mummy."

"Rahmah."

"Ní December, wọ́n fún mi ní prize ní work. I closed the most cases on my team." Ó gbé ojú sókè. "Mummy kan wà, ní Deptford. Yorùbá ni wọ́n, mo gbọ́ ọ nínú bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀. It was about their fridge. Mo ní someone will call. Wọ́n ní no problem, my darling, God bless you. So I closed it."

"Ṣé ẹnì kan pè wọ́n?"

"I don't know."

"Kí ni orúkọ wọn?"

"Mi ò rántí, Mummy."

Àsúmáù fa àga sún mọ́ ọn. Kò bínú. Ọmọ tó fi owó ìgbálẹ̀ tọ́ ni, ó sì fẹ́ mọ ohun kan ṣoṣo.

"Nígbà tí wọ́n ṣàdúrà fún ọ, kí lo rò pé wọ́n ń sọ?"

"I thought they liked me," Rahmah ní. "Mo ní amen. Mo tiẹ̀ sọ fún àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ pé if you get a Yoruba Mummy, you're lucky. They never give you any trouble."