Oṣù Mẹ́ta Ti Jìnnà Jù

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń gba orúkọ sílẹ̀, èrò kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwádìí débi pé bí abẹ́rẹ́ bá bọ́, kò ní rí ilẹ̀ fẹ̀yìn lé. Dókítà ń fi ìgbọ̀nwọ́ lànà kọjá, páálí ìgò ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ló bá gbójú sókè. Ọkùnrin kan dúró ti ògiri, lẹ́búlẹ́bú pákó ṣì wà ní èjìká rẹ̀. Ojú wọn ṣe mẹ́rin. Àyà Dókítà já bí ẹni tó gbàgbé ìkòkò sórí iná.

Káfíńtà ni gbogbo èèyàn ń pe ọkùnrin náà. Àtọ̀gbẹ ló pa bàbá rẹ̀. Àtọ̀gbẹ yìí kan náà ló fọ́ ìyá Dókítà lójú kó tó mú un lọ, látìgbà náà ni Dókítà ti ń lé àìsàn yìí kiri bí ẹni tó ń lé olè. Ìwádìí rẹ̀ ń ṣọ́ àwọn tí òbí wọn ní in ṣùgbọ́n tí ara tiwọn ṣì dá, kó lè rí àìsàn náà lọ́nà kó tó wọlé. Òfin kan ló wà níbẹ̀: olùwádìí kò gbọdọ̀ bá ẹni tó ń yẹ̀ wò yan ọ̀rẹ́ títí iṣẹ́ á fi parí.

Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni Káfíńtà ń wá láàárọ̀, láìtíì fẹnu kan nǹkan, kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá lọ tán, yàrá á tóbi jù.

Nọ́ọ̀sì àgbà á ní, “Dókítà, ẹ̀jẹ̀ ti kún ìgò o, apá lẹ ṣì dì mú.”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi mí sílẹ̀.”

“Mo ti fi yín sílẹ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ fi apá sílẹ̀!”

Ó di ọjọ́ kan, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ Káfíńtà ga. Dókítà rántí ìyá rẹ̀ tó máa ń fọwọ́ wá ife omi kiri lórí tábìlì. Ó ní kí Káfíńtà padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó tún ga. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, bákan náà. Inú Dókítà ń dùn pé òun ń rí i, ó sì ń sunkún ohun tó ń jẹ́ kí òun rí i.

Nọ́ọ̀sì ló tú àṣírí náà. “Káfíńtà, kí ló wà nínú irùngbọ̀n yín? Ṣé pákó náà ti ń ta sánsán ni?” Ó gbọ́n ọn sọ́wọ́, ó gbóòórùn rẹ̀. Bisikíìtì!

Káfíńtà wolẹ̀. “Ẹ má bínú. Mo rí i pé ẹni tí ara ẹ̀ bá dá, lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ló tó ń fojú kàn yín. Ẹni tí ṣúgà ẹ̀ bá ga, ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀ ni. Oṣù mẹ́ta ti jìnnà jù fún mi.”

“Ẹ jẹ bisikíìtì kí ẹ tó wá?”

“Mo tún fi ẹlẹ́rìndòdò sìn ín.”

Nọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín. Dókítà ò rẹ́rìn-ín. “Mo ti ń sin òkú yín nínú ọkàn mi. Ṣé ẹ mọ̀?”

Bí Dókítà bá dákẹ́, Káfíńtà á máa wá. Ṣùgbọ́n irọ́ á jókòó láàárín òótọ́, nínú iṣẹ́ tó fi orí ìyá rẹ̀ búra. Ó gbọ́dọ̀ yọ Káfíńtà kúrò nínú ìwádìí. Ẹni tí wọ́n bá sì yọ, kí ló tún ń gun àtẹ̀gùn ilé ìwádìí wá ṣe? Ó kọ lẹ́tà ìyọkúrò, ó tì í sápò ẹ̀wù funfun rẹ̀. Káfíńtà wá, ó lọ, lẹ́tà ò kúrò lápò.

“Ẹ fún un,” Nọ́ọ̀sì wí. “Ẹni tí a ò yẹ̀ wò mọ́, òfin ò rí ti ẹ̀ rò.”

“Bí kò bá padà wá ńkọ́, ẹ̀gbọ́n?”

“A jẹ́ pé bisikíìtì ló fẹ́ràn nìyẹn.”

Nígbà tí Káfíńtà tún dé, ó ti ká apá ẹ̀wù sókè. Dókítà ò mú abẹ́rẹ́.

“Mo ti yọ yín kúrò nínú ìwádìí,” ó ní. “Láti òní lọ, ẹ ò ní ìdí kankan láti wá síbí mọ́.” Ó gbójú sókè, bíi ti ọjọ́ àkọ́kọ́. “Àfi tí ẹ bá ní ìdí tiyín.”

Ó sì fi lẹ́tà náà lé e lọ́wọ́.