Kí Àwọn Àtijọ́ Padà Sípò Lápapọ̀

Kirsty Lumb dojú ife ẹ̀yẹ fàdákà náà kọlẹ̀ lórí káńtà, ó fẹ́ fi àkísà nu ìdí rẹ̀, ni lẹ́tà bá bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ láti inú rẹ̀. Ọ̀kan, méjì, márùn-ún. Nígbà tó mi ife náà lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n pé mọ́kànlá. Àmì ìjọba ìbílẹ̀ wà ní igun àpòòwé kọ̀ọ̀kan. Wọn kò tíì já ẹyọ kan nínú wọn.

Aago mọ́kànlá òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú ni, nínú oṣù kọkànlá, òjò tín-ín-rín sì ń fọ fèrèsé ilé ẹgbẹ́ rọ́gíbì Skelbrough. Aago méjìlá ni ìpàdé ọdọọdún. Nínú àpò ẹ̀wù òtútù Kirsty ni ojú ìwé mẹ́rin wà, tó tò ní ẹsẹ-ẹsẹ, tó ka ẹ̀ṣẹ̀ alága ẹgbẹ́ náà, Trevor Haigh, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹsẹ kìíní: ní oṣù kejì, ìjọba ìbílẹ̀ fi àgádágodo ti ilé ìjókòó òǹwòran pa, alága kò sì ṣe ohunkóhun. Ẹsẹ kejì: nítorí èyí, ẹgbẹ́ kò lè gbá bọ́ọ̀lù nílé mọ́, pápá ẹlẹ́gbẹ́ẹlẹ́gbẹ́, tó jìnnà ní máìlì méjìlá, ni wọ́n lọ ń yá. Ẹsẹ kẹta: òǹwòran ẹgbẹ̀ta di àádọ́rùn-ún, ẹgbẹ́ sì gbé ìdí líìgì. Ẹsẹ kẹrin ni ó mú jù lọ. Àjọ líìgì ti sọ ọ́ láìfi bò: kí ó tó di ọ̀sán ọ̀la, kí Skelbrough fi orúkọ àwọn aláṣẹ rẹ̀ ránṣẹ́, kí ó sì dárúkọ ẹni tí yóò dáhùn fún ilé ìjókòó náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí wọ́n má ṣe retí àyè ní sáà tó ń bọ̀.

Kirsty kì í pariwo. Oṣù keje ló gba oyè nínú ìmọ̀ òfin, ìbínú rẹ̀ kì í sì í ṣe ti ẹni tí ń lu tábìlì. Ó dà bí abẹ tí wọ́n pọ́n, tí wọ́n sì nù gbẹ. Ohun tó pọ́n ọn kò sí nínú ojú ìwé mẹ́rin náà. Bàbá àgbà rẹ̀, Desmond, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, wà lára àwọn agbábọ́ọ̀lù mẹ́tàlá tó gba ife yìí gan-an. Ní gbogbo sáà tó kọjá, kò fojú kan ìdíje kan ṣoṣo, nítorí bọ́ọ̀sì kì í dé ìlú kejì lọ́jọ́ Àìkú. Bí ọjọ́ ìdíje bá pé, á wọ ẹ̀wù òtútù rẹ̀, á we súkáàfù ẹgbẹ́ mọ́ ọrùn, á sì jókòó sí ilé ìdáná ti rédíò. Kirsty ti rí i bẹ́ẹ̀ rí. Ó padà sẹ́yìn láìwọlé.

Ó to lẹ́tà mọ́kànlá náà sórí káńtà. Ẹ̀rí rèé. Ọwọ́ ti tẹ Trevor.

"Àǹtí Maureen, kí ni gbogbo èyí ń ṣe nínú ife?"

Maureen, tó ti ń ta bíà níbẹ̀ láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ń ti àtẹ páì ẹran bọ inú ààrò. Kò wẹ̀yìn. "Lẹ́tà ni. Àbí o rò pé ẹyin ni?"

"Ta ló kó wọn síbẹ̀?"

"Èmi ni. Inú ife ni lẹ́tà máa ń gbé, láyé Harold ló ti rí bẹ́ẹ̀. Mo bá ti gbà á lọ́wọ́ alálẹ́tà, ó di inú ife. Tó bá di ọjọ́ Ẹtì, Harold á wá, á mu bíà méjì, á kó o lọ."

"Ṣùgbọ́n Harold ti kú, ma. Ó ti pé ọdún méjì."

"Ṣé èmi lò ń sọ ìyẹn fún? Ta ló se oúnjẹ ìsìnkú ẹ̀? Ìwọ gan-an jẹ nínú ẹ̀, o tún bù sí i."

"Kí ló wá dé tẹ́ ò já lẹ́tà yìí?"

Maureen yí padà nígbà yìí, ó fi ìbọ̀wọ́ ààrò tọ́ka sí àpòòwé òkè. "O ò rí orúkọ lára ẹ̀? Ọ̀gbẹ́ni Harold Binns, Akọ̀wé. Ṣé kí n wá máa já lẹ́tà olóògbé ni? Wọn ò kọ́ mi bẹ́ẹ̀ nílé wa."

"Ta wá ni akọ̀wé báyìí?"

Maureen ti ilẹ̀kùn ààrò pa. "Trevor á mọ̀," ó ní. "Bóyá Trevor náà ni."

Ilẹ̀kùn ṣí, Trevor Haigh sì fi ẹ̀yìn wọlé, àga mẹ́fà lábẹ́ apá kan, mẹ́fà lábẹ́ èkejì, eruku pákó nínú irun rẹ̀. Kàpẹ́ńtà ni, òun ló tún ń wa ọkọ̀ àwọn agbábọ́ọ̀lù, òun ló ń kun ilé, òun ló ń tún mọ́tò ṣe nínú òtútù. Gbogbo ìlú ló mọ̀ pé Kirsty ní ìwé ẹ̀sùn nínú àpò.

"Lọ́yà wa! Ṣé o ti pọ́n ọ̀bẹ ẹ?"

"Ọ̀gá Trevor, ta ni akọ̀wé ẹgbẹ́ yìí?"

"Maureen ni, àbí?"

"Èmi kẹ̀!" ni Maureen ké láti ìdí ààrò. "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!"

Trevor rẹ́rìn-ín bí ẹni tó gbọ́ ẹ̀fẹ̀. Kò rí àwọn lẹ́tà náà. Ó ti jáde lọ kó àga sí i.

Kirsty fa dúrọ́ọ̀ abẹ́ káńtà, ó gbé ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé jáde. Ó fẹ́ mọ orúkọ akọ̀wé, kí ó lè fi ṣe ẹsẹ karùn-ún. Ó ṣí i sí ìpàdé ọdún tó kọjá. *A dábàá pé kí àwọn àtijọ́ padà sípò lápapọ̀. Gbogbo ilé gbà.* Ìlà mẹ́rin ní ìsàlẹ̀: alága, Trevor Haigh; akápò, Maureen Crabtree; akọ̀wé, Harold Binns. Ẹni tó kín àbá lẹ́yìn: Desmond Lumb.

Ó ka orúkọ kẹta lẹ́ẹ̀mejì. Ó ṣí ìwé náà sẹ́yìn sí ọdún tó ṣáájú. Oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn ni Harold kú. Ìpàdé oṣù kọkànlá: kí àwọn àtijọ́ padà sípò lápapọ̀. Akọ̀wé: Harold Binns. Ẹni tó kín àbá lẹ́yìn fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ sílẹ̀, lẹ́tà kékeré tó dúró ṣánṣán, èyí tó ṣì ń kọ títí di òní.

Kirsty Lumb.

Ó rántí. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ di ọmọ ẹgbẹ́ tó lè dìbò ni. Ó ti yunifásítì wálé fún òpin ọ̀sẹ̀, ọkọ̀ ojú irin rẹ̀ máa gbéra ní aago méjì, ebi sì ń pa á. Òórùn páì àti ẹ̀wà ti gba ilé. Àṣà ẹgbẹ́ ni pé ìbò tán, àwo dé. Kò sí ẹni tó ń jẹun kí a tó dìbò, kò sì sí ẹni tó fẹ́ jẹ páì tútù. Bàbá àgbà fi ìgúnpá gbún un ní ìhà: "Nawọ́ sókè, ọmọ mi, ẹ̀wà ń dì." Ó nawọ́. Ogójì ènìyàn na ọwọ́ kan sókè, wọ́n fi ọwọ́ kejì di ife bíà mú. Oṣù méjì péré sẹ́yìn, òun àti àwọn ogójì yẹn kan náà ti tẹ̀ lé pósí Harold Binns gun òkè lọ sí itẹ́ òkú. Òun ló gbé òdòdó.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fi àgbájọ ọwọ́ yan òkú, lẹ́ẹ̀mejì, kí oúnjẹ má bàa tutù.

Ó fa ojú ìwé mẹ́rin rẹ̀ yọ. Kò sí irọ́ nínú wọn. Gbólóhùn kọ̀ọ̀kan dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, bóyá ìdí nìyí tí ojú fi tì í tó bẹ́ẹ̀. Òkò tí a sọ sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Èyí tí òun sọ kò tiẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ará ilé kó tó padà wá bá òun níwájú orí.

Ní aago méjìlá, ilé kún. Wọ́n gbé Bàbá Desmond sí iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ amúlégbóná. Òórùn páì àti ti ẹ̀wà aláwọ̀ ewé tí wọ́n sè títí tó fi dà bí àkàmu ti gba àárín àga. Trevor dìde, ó pa ọwọ́ pọ̀.

"Ẹ̀yin ará, ọdún yìí le, gbogbo wa la mọ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ ò fẹ́ràn wa. Nígbà tí mo pè wọ́n, wọ́n ní àwọn ti kọ̀wé títí. Mo ní irọ́ ni, a ò rí ìwé kankan. Àjọ líìgì fẹ́ orúkọ lọ́la. Èmi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ jù, Maureen ń wò mí. Ta ló dábàá kí àwọn àtijọ́ padà sípò lápapọ̀?"

Ọwọ́ ti ń gòkè. Kirsty dìde.

"Ó tó àkókò," ni ẹnì kan sọ lẹ́yìn. "Trevor, di bẹ́líìtì ẹ."

Ó fi ojú ìwé mẹ́rin náà sílẹ̀ lórí àga. Ìwé ìpàdé ló gbé dání.

"Kí ẹ tó nawọ́," ó ní, ohùn rẹ̀ kò ga, "ẹ jẹ́ kí n ka orúkọ tẹ́ ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ lọ́la. Alága, Trevor Haigh. Akápò, Maureen Crabtree. Akọ̀wé, Harold Binns."

Ọkùnrin kan rẹ́rìn-ín, ó sì gbé e mì. Obìnrin kan fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Harold *wa*?" ni Bàbá Desmond béèrè.

"Harold wa, Bàbá. Ẹ̀ẹ̀mejì la ti yàn án látìgbà tó ti kú."

"Kò sì pa ìpàdé kankan jẹ," ni ohùn ẹ̀yìn wí, ẹ̀rín bú díẹ̀, ó tún kú.

"Ta ni aláìnírònú tó kín irú ẹ̀ lẹ́yìn?" ni Trevor wí, etí rẹ̀ ti pọ́n.

"Èmi ni. Ní ọdún tó kọjá, Bàbá àgbà mi ni. Ẹ̀yin náà nawọ́, sà. Gbogbo wa la nawọ́." Ó gbé ife ẹ̀yẹ náà sókè, kó lè hàn sí gbogbo wọn, ó sì da àwọn lẹ́tà náà sórí tábìlì níwájú alága. "Ìjọba ìbílẹ̀ kò purọ́. Harold ni wọ́n ń kọ̀wé sí."

Trevor wo àwọn àpòòwé náà. Kò fọwọ́ kàn wọ́n. "Mo rò pé," ó ní, ó sì dúró. "Mo rò pé bí ìwé ò ṣe wá yẹn, nǹkan ń lọ dáadáa ni."

"Mo dábàá pé kí a yan aláṣẹ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan," ni Kirsty wí. "Kí a pe orúkọ, kí ẹni náà dìde, kó sọ pé òun gbà. Kí a sì ka ọwọ́."

"Ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kẹ̀?" Ìdààmú tó wà nínú ohùn Maureen kì í ṣe kékeré. "Páì ńkọ́?"

"Jẹ́ kó tutù," ni Bàbá Desmond wí. "Mo kín in lẹ́yìn."

Wọ́n pe alága. Trevor dìde, ó ní òun gbà, wọ́n sì ka ọwọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mọ́kàndínlógún. Mẹ́tàlélógún fẹ́ ẹ. Mẹ́tàdínlógún kò fẹ́. Ó gbọ́ iye kejì yìí bí ẹni tí wọ́n sọ orúkọ rẹ̀ gan-an fún, ó wo àwọn ọwọ́ náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó rí ti Kirsty láàárín wọn. Ó mi orí sí i. Òun náà mi orí padà, kò sì sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀ títí wọ́n fi kà á tán.

Maureen gba ti akápò pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ ààrò lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n dé akọ̀wé, gbogbo ilé bẹ̀rẹ̀ sí í wo bàtà ara wọn. Ewúrẹ́ àjọní, ebi ní í pa á sórí ìso. Kirsty gbọ́ bí òjò ṣe ń lu páànù. Ó ti kọ̀wé béèrè iṣẹ́ sí ìlú ńlá mẹ́ta, kò sì sí èyí tó jìnnà débi tí ọkọ̀ ojú irin kò ní gbé e padà wálé.

"Èmi gbà," ó ní.

Ogójì. Kò sí ẹni tó kọ̀.

Lẹ́yìn náà ni àwo dé. Ó jókòó sí ìkángun tábìlì, Trevor ní apá kan, bàbá àgbà ní apá kejì, ó sì fi ọ̀bẹ ìjẹun la lẹ́tà àkọ́kọ́. Ó ti múra sílẹ̀ fún ìhàlẹ̀, fún òfin àti abala òfin. Ìlà mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀. Òpó kan ń jẹrà ní igun ìkẹyìn ilé ìjókòó òǹwòran; ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún wa ní orúkọ ẹni tí òṣìṣẹ́ wa yóò bá sọ̀rọ̀. Ó la èkejì. Ẹ jọ̀wọ́, orúkọ. Ìkẹta, ìkẹrin. Ní ìkọkànlá ni wọ́n sọ pé, nígbà tí àwọn kò rí ẹnikẹ́ni bá sọ̀rọ̀, àwọn yóò ti ibẹ̀ pa títí ẹnì kan yóò fi yọjú.

Trevor ti ń kà á láti èjìká rẹ̀. "Òpó kan?" ó ní. "Òpó *kan*? Kirsty, iṣẹ́ òwúrọ̀ Sátidé kan nìyẹn. Mo ní pákó rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù."

"Mo mọ̀, sà."

"Òwúrọ̀ kan péré!"

"Mo gbọ́, sà. Ẹ jókòó, ẹ jẹun."

Bàbá Desmond tẹ sí i lára, súkáàfù rẹ̀ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ Kirsty. "Wọ́n ní kí la ṣe?"

"Wọ́n ní ká sọ orúkọ, Bàbá. Ìyẹn nìkan ni wọ́n ń béèrè."

Ó yí ojú ìwé mẹ́rin rẹ̀ padà sí ẹ̀yìn funfun, ó kọ ọjọ́ sí òkè, ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sí ìsàlẹ̀, láàárín wọn ni ó wá ń ro ohun tí yóò kọ sí ìjọba ìbílẹ̀. Kò gùn. Nígbà tó gbé páì rẹ̀, ó ti tutù, ọ̀rá ti dì lórí ẹ̀wà.

Ó jẹ ẹ́ tán.