Ìmọ́lẹ̀ Tó Ń Yí Sápá Òsì

Láti àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni adìẹ ti bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Èmi ń rìn láti ibi fèrèsé dé ibi ẹ̀rọ, ọ̀gá mi ń rìn láti ibi ẹ̀rọ dé ẹnu ọ̀nà, díẹ̀ ló sì kù ká kọlu ara wa láàárín yàrá. Ẹ̀rọ tó ń wọn ìmọ́lẹ̀, tí wọ́n yá wa, ń lọ nírọ̀lẹ́. Àwọn aláàárù tó fẹ́ gbé e ti já àpótí igi ńlá kan síta. Bí a ò bá rí ẹ̀rí wa kó tó kúrò, ọ̀gá ò ní ohun tó fẹ́ bá ìgbìmọ̀ tó ń fún wa lówó iṣẹ́ sọ lọ́la, iṣẹ́ mi sì tán nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mò ń ṣe, torí ìyá mi pàápàá ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé gílóòbù ni mò ń ṣe. Mólékù ni, ohun tó kéré débi pé ojú ò lè rí i. Tiwa lọ́ yípo bí àtẹ̀gùn ilé alájà púpọ̀. Oríṣi méjì ló wà: ọ̀kan yí sápá ọ̀tún, èkejì yí sápá òsì, bíi bàtà ẹsẹ̀ méjèèjì. Tí a bá tan iná sí wọn, àwọn náà á tan ìmọ́lẹ̀ àwọ̀ ewé padà, ìmọ́lẹ̀ ọ̀hún á sì máa yí bó ṣe ń lọ. Ojú lásán ò mọ ìyàtọ̀. Ẹ̀rọ ló mọ̀ ọ́n: fún ọ̀tún, ìlà tó ń yà lójú rẹ̀ á gòkè, fún òsì, á lọ sísàlẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà. Àwa oníṣẹ́ yìí kì í gba ọ̀kan gbọ́ láìrí èkejì, torí ẹ̀rọ náà máa ń purọ́, ó lè fa ìlà sókè fún ohun tí kò yí rárá.

Odidi ọdún kan ni mo fi ṣe é, tí mo fi ya ọ̀tún kúrò lára òsì. Ìgò kékeré kọ̀ọ̀kan péré ni mo rí nínú wọn.

Mo gbé ọ̀tún sínú ẹ̀rọ. Ìlà gòkè! Inú mi dùn débi pé mo lu tábìlì. Mo yíjú láti mú òsì, mi ò bá a níbi tí mo gbé e sí.

"Mo ti bá ẹ gbé e síbí," ni ọ̀gá wí. "Kò tíì yọ́ tán, mo ní kí n jẹ́ kó gbóná díẹ̀."

Orí sítóòfù kékeré ló wà, ó sì ti ń hó.

Mo já a kúrò lórí iná. Àwọn mólékù tí ọ̀gá fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe, alágídí ni wọ́n. Ẹ lè sè wọ́n láàárọ̀ dalẹ́, wọn ò ní yí èrò padà. Tiwa yìí kúrú, ara rẹ̀ rọ̀. Bí iná bá ti mú un, òsì á máa di ọ̀tún, ọ̀tún á máa di òsì, títí wọ́n á fi dọ́gba, tí yíyí ọ̀kan á sì pa ti èkejì rẹ́. Ọ̀gá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó ti mọ́ ọn lọ́wọ́ ló ṣe.

Mo gbé e sínú ẹ̀rọ. Ó ń tàn, ó rẹwà, ṣùgbọ́n ìlà rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ.

"Ó ti kú, sà."

Ọ̀gá jókòó. Ó tún dìde. "Ṣebí òsì ò ju ọ̀tún tó wo dígí lọ. Dojú ìlà ọ̀tún dé lórí kọ̀ǹpútà, kó o kọ 'òsì' sí i. Ta ló máa mọ̀?"

"Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi pé bí irọ́ bá sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a."

"Mo mọ ohun tí mo kọ́ ẹ. Èmi ni mo ba iṣẹ́ ẹ jẹ́. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ ìwọ ló máa jìyà ẹ̀."

Fóònù mi dún. Ọkọ mi ni. Fóònù ló ń tún ṣe, mo sì ti sọ fún un rí pé ojú fóònù máa ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣòfò, pé irú tiwa tó ń yí yìí lè dín in kù. Látìgbà náà ló ti sọ iṣẹ́ mi di tirẹ̀.

"Ìyàwó mi, ṣé kí n bẹ̀rẹ̀ sí í jó?"

"Bàbá ọmọ mi, ẹ gbé ijó yẹn sápò ná."

Mo kúkú fẹ́ ṣe ohun tí ọ̀gá wí. Mo ti fi ìka lé bọ́tìnnì. Àwọn àgbà ní ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, lọwọ́ fi ń mọ́. Ọ̀tún nìkan ló ṣẹ́ kù sí mi. Inú bí mi sí ọ̀gá, ó bí mi sí ẹ̀rọ, ó bí mi sí àwọn aláàárù tó ń rẹ́rìn-ín níta. Mo rìn dé fèrèsé, mo padà. Ìgbà tí mo padà ni mo wo sítóòfù yẹn dáadáa.

Iná tó pa òsì á pa ọ̀tún náà. Bí ìlà ọ̀tún bá ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí iná ṣe ń mú un, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ò sì dín kù rárá, ta ló máa sọ pé ẹ̀rọ ló purọ́? Yíyí mólékù ló gbé ìlà yẹn sókè, kò sí ohun mìíràn. Ẹ̀rí gidi nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìgò yẹn ni gbogbo ohun tí mo ní.

"Ọ̀gá, mo fẹ́ sè é."

Ó wo ojú mi. Ó yé e kí n tó ṣàlàyé. "Nǹkan kan ò ní ṣẹ́ kù o."

"Mo mọ̀, sà."

Mo gbé e kaná, mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀, mo fi sínú ẹ̀rọ: ìlà ti rẹlẹ̀. Mo tún gbé e kaná. Ó tún rẹlẹ̀. Àwọn aláàárù ń kan ilẹ̀kùn, ọ̀gá fẹ̀yìn tì í, ó ń bẹ̀ wọ́n bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ balùwẹ̀. Mò ń sè é, omijé ń dà lójú mi. Nígbẹ̀yìn, ìlà tẹ́ pẹrẹsẹ. Ìgò méjèèjì wà lórí tábìlì, wọ́n ń tàn, kò sẹ́ni tó lè sọ èwo ni èwo.

Wọ́n gbé ẹ̀rọ lọ. Ọ̀gá wo àwọn ìlà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, látorí èyí tó ga jù dé èyí tó tẹ́.

"Ìgbìmọ̀ ò ní rí nǹkan sọ sí èyí," ó ní. "Èmi fúnra mi á sì sọ ohun tí mo ṣe sí òsì fún wọn." Ó yíjú sí mi. "Iṣẹ́ ẹ ò lọ. Àmọ́ wàá tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìgbà wo lo fẹ́ bẹ̀rẹ̀?"

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sunkún tán ná, sà."

Ó fa àga fún mi, ó pa sítóòfù, ó sì lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà kí ẹnikẹ́ni má baà wọlé.